Kí Ẹ Tó Fi Ceramic Ra Ara Mọ́tò Yín

Òǹkàwé kan béèrè pé: “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mọ́tò mi dúdú, ó sì ti pé ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Tí oòrùn bá ti ràn sí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ńṣe ni mo máa ń rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn. Mo ti ra ìgò kékeré kan tí ceramic wà nínú rẹ̀, ìyẹn oje tí wọ́n máa ń fi ra ọ̀dà mọ́tò kó lè dáàbò bò ó. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé títí láé ló máa wà, pé líle rẹ̀ jẹ́ 9H. Ṣé mo lè fi ra mọ́tò náà fúnra mi nílé, kí n sì parí ẹ̀ lọ́jọ́ kan? Ṣé lóòótọ́ ni pé nǹkan kan ò ní lè ha á mọ́, àti pé mi ò ní máa fọ̀ ọ́ lemọ́lemọ́ mọ́?”

Ẹ lè ṣe é fúnra yín. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì ṣí ìgò yẹn. Nínú gbogbo wákàtí tí ẹ máa lò nídìí mọ́tò yìí, fífi ceramic ra á kò ní ju wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ìyókù jẹ́ ti fífọ̀, ti yíyọ ohun tó ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, àti ti dídán ọ̀dà náà. Ceramic kì í tún ọ̀dà ṣe. Ohun tó bá bá níbẹ̀ ló máa tì mọ́ abẹ́ ara rẹ̀. Ìlà aláǹtakùn tí ẹ ń rí yẹn, tí ẹ bá fi ceramic bò ó báyìí, á tiẹ̀ hàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí pé ọ̀dà náà á túbọ̀ máa dán. Ẹ ò sì ní lè yọ ìlà náà mọ́ àyàfi tí ẹ bá kọ́kọ́ fi pọ́líìṣì ha ceramic ọ̀hún kúrò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ “títí láé” yẹn ná. Ohun tó wà nínú ìgò náà jẹ́ oje oníkẹ́míkà tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ silicon, èyí tó wà nínú iyanrìn àti gíláàsì. Wọ́n fi kẹ́míkà míì tó tètè ń bá afẹ́fẹ́ lọ là á kó lè ṣàn. Tí ẹ bá ti fi ra ara mọ́tò, kẹ́míkà yẹn á bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó kù á bá ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀, á le, á sì di mọ́ ọ̀dà. Ìdí nìyẹn tí oòrùn kì í fi yọ́ ọ bí ìda, tí ọṣẹ kì í sì í fọ̀ ọ́ dànù. Ìda tí a máa ń fi ra mọ́tò, oṣù méjì sí mẹ́ta ló sábà máa ń lò, nígbà míì kì í tó bẹ́ẹ̀. Ceramic tó dáa, tí wọ́n fi ra ọ̀dà tó mọ́, tí wọ́n sì ń tọ́jú, lè lo ọdún méjì sí márùn-ún. Ohun tí “títí láé” ń sọ kò ju pé kò ṣeé fọ̀ kúrò, ó di kí ẹ fi ohun tó ń ha nǹkan ha á. Ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́, eruku ń jẹ ẹ́, ọwọ́ tó ń fọ̀ ọ́ náà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá yá, á tán.

Ẹ tún wo bó ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ọ̀dà tó wà lára mọ́tò láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, tí ẹ bá wọn gbogbo ẹ̀ pọ̀ láti orí irin dé òkè, sábà máa ń wà láàárín 100 sí 180 máíkírónì (ẹgbẹ̀rún máíkírónì ló wà nínú mìlímítà kan). Ìpele tó wà lókè pátápátá, èyí tí kò ní àwọ̀, tó sì ń mú kí mọ́tò máa dán, tí àwọn tó ń fín ọ̀dà ń pè ní kílíà, sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 35 sí 50 nínú rẹ̀. Irun orí èèyàn kan nípọn tó 70 máíkírónì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ceramic tí ẹ fẹ́ fi ra á kì í sábà ju máíkírónì kan sí méjì lọ. Ohun tó fẹ́lẹ́ báyìí kò lè dá òkúta tó ta láti ojú títì dúró, kò sì lè dá kọ́kọ́rọ́ tí ẹnì kan fi ya ara mọ́tò dúró.

Ọ̀rọ̀ 9H ló máa ń bí mi nínú jù, torí ó ti tan èèyàn púpọ̀ jẹ. Ọ̀pọ̀ gbà pé 9 yẹn jẹ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lórí òṣùwọ̀n tí dáyámọ́ńdì jókòó sókè rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Pẹ́ńsù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Pẹ́ńsù oríṣiríṣi ló wà, láti èyí tó rọ̀ dé èyí tó le, 9H ló sì le jù nínú àwọn tí wọ́n ń lò fún ìdánwò yìí. Wọ́n á ti pẹ́ńsù náà lórí ohun tí wọ́n fi ra nǹkan, wọ́n á wò ó bóyá ó fàlà sí i. Ohun tí 9H túmọ̀ sí ni pé pẹ́ńsù tó le jù kò fàlà sí i. Iyanrìn tó wà nínú aṣọ ìdọ̀tí tí ẹ fi nu mọ́tò le ju pẹ́ńsù lọ fíìfíì. Nítorí náà, wọ́n ṣì lè ha mọ́tò yín.

Kí wá ni èrè rẹ̀? Èrè rẹ̀ pọ̀, èmi ò sì ní kí ẹ má ṣe é. Omi kì í tẹ́ pẹrẹsẹ lórí rẹ̀, ńṣe ló ń ká jọ róbótó, tó ń yọ̀ lọ, tó sì ń gbé eruku lọ pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ kì í di mọ́ ọn púpọ̀, nítorí náà fífọ̀ rẹ̀ á yá, ẹ ò sì ní máa fi agbára nu ún, bẹ́ẹ̀ agbára tí èèyàn fi ń nu mọ́tò gan-an ló ń fa ìlà aláǹtakùn. Ó máa ń gba díẹ̀ lára ìyà oòrùn mọ́ra. Tí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i, tàbí tí oje igi bá kán sí i, ó máa ń fún yín láyè díẹ̀ kó tó jẹ ọ̀dà wọlé. Mo ní díẹ̀ o. Ìgbẹ́ ẹyẹ tó sùn sórí mọ́tò nínú oòrùn á fi àpá sílẹ̀, ceramic wà níbẹ̀ ni o, kò sí níbẹ̀ ni o. Omi náà ní tiẹ̀. Omi tó ní iyọ̀ ilẹ̀ nínú, tó ká jọ róbótó, tí oòrùn sì gbẹ ẹ́ síbẹ̀, á fi òrùka funfun sílẹ̀, òrùka yẹn sì lè le láti yọ. Ẹ ṣì máa fọ mọ́tò yín. Fífọ̀ ọ̀hún ló máa rọrùn. Ẹni tó bá jẹ́ pé òkúta títì ni wàhálà rẹ̀, rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ gaara, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, tó nípọn tó 150 sí 200 máíkírónì, ni kó wá lọ, ceramic kọ́.

Ó ku ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ dáhùn fún ara yín: ṣé wọ́n ti tún ọ̀dà fín sí ibikíbi lára mọ́tò yìí láìpẹ́? Wọ́n ti fi ooru ààrò mú ọ̀dà ilé iṣẹ́ gbẹ kó tó jáde, kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n fín níta ṣì máa ń mí kẹ́míkà jáde fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fín in. Oṣù kan ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń dá, àwọn kan máa ń sọ pé méjì tàbí mẹ́ta.

Ó yá, iṣẹ́ dé. Ẹ wá ibi tí oòrùn ò dé, tí atẹ́gùn ò ti ń gbé eruku, tí afẹ́fẹ́ sì ń ráyè wọlé jáde. Ẹ fi garawa méjì fọ mọ́tò náà, ọ̀kan fún omi ọṣẹ, ọ̀kan fún omi tútù tí ẹ ó máa fi ṣan aṣọ ìfọ̀ kí ẹ tó tún tì í bọ inú ọṣẹ. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ nísàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni iyanrìn pọ̀ sí jù. Ẹ má ṣe lo aṣọ kan náà fún táyà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa fín oògùn tó ń yọ irin sí i. Irin wo lára ọ̀dà? Ẹ̀ẹ́rún irin tó ń ha kúrò lára bíréèkì ni, ó máa ń gbóná fò lọ lẹ̀ mọ́ ọ̀dà, ojú kì í rí i. Oògùn náà á di àwọ̀ àlùkò níbi tó bá ti pàdé irin, ẹnu á sì yà yín bí àlùkò ọ̀hún ṣe máa pọ̀ tó lára mọ́tò tí ẹ rò pé ó ti mọ́. Ẹ ṣàn án dànù kó tó gbẹ. Ọ̀dà títì dúdú tó ta sí ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ náà ní oògùn tirẹ̀.

Nígbà tí ara mọ́tò bá ti gbẹ, ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ wá rọra fi ìka tọ́ ọ̀dà náà lórí. Ọ̀rá yẹn á jẹ́ kí ìka yín mọ ohun tí ojú ò rí. Tó bá ń họ yín lọ́wọ́ bí ìwé ìfági, ìdọ̀tí ṣì wà lára rẹ̀. Amọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀dà mọ́tò ló ń fà á yọ. Ẹ fín omi tó ń yọ̀ sí ojú ibẹ̀ dáadáa, ẹ rọra máa fi amọ̀ náà gbá a lọ gbá a bọ̀ láìtẹ̀ ẹ́, ẹ sì máa pò ó kí ojú tó mọ́ lè máa wà níta. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ jù ú nù. Iyanrìn kan péré tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á fàlà yí gbogbo mọ́tò ká.

Ibi tó kàn ló kan ìlà aláǹtakùn yín. Pọ́líìṣì kì í dí ìlà, ńṣe ló ń fá díẹ̀ lára kílíà títí ojú ibẹ̀ á fi dọ́gba pẹ̀lú ìsàlẹ̀ ìlà náà. Ìdí nìyí tí mo fi sọ iye máíkírónì fún yín lókè: ẹran ara tí kì í hù padà ni ẹ ń gé. Ẹ lo ẹ̀rọ tí orí rẹ̀ ń yí tó sì tún ń gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà, torí kì í tètè dá ọ̀dà lóró bí èyí tó kàn ń yí. Ẹ fi téèpù yí ibì kan ká lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, bí 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú àti lóròó, kí ẹ kọ́kọ́ dán pọ́líìṣì tó rọ̀ jù wò níbẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tó rọ̀. Tó bá ti yọ ìlà púpọ̀, òun náà ni kí ẹ lò dé òpin, ẹ má wá èyí tó le jù ú lọ. Etí ilẹ̀kùn àti etí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀dà ti máa ń fẹ́lẹ́ jù, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rọ pẹ́ níbẹ̀. Ìlà tí èékánná yín bá ń kọ́ tí ẹ bá fi gba orí rẹ̀ kọjá ti jìn jù, ẹ fi sílẹ̀. Mọ́tò tó ní ìlà méjì tí kílíà rẹ̀ ṣì pé sàn ju èyí tí kò ní ìlà tí kílíà rẹ̀ ti tán. Tí ọ̀dà yín bá jẹ́ irú èyí tí kì í dán rárá, ẹ má fi pọ́líìṣì kàn án o, á bà á jẹ́ pátápátá.

Pọ́líìṣì ní òróró nínú. Òróró yẹn máa ń wọnú ìlà, á sì jẹ́ kó dà bíi pé ìlà ti lọ. Ó tún máa ń dí ceramic lọ́nà láti di ọ̀dà mú. Ẹ fi isopropyl alcohol, ìyẹn ọtí oníkẹ́míkà tí wọ́n fi ń nu nǹkan, tí ẹ ti fi omi là, tàbí omi ìnu tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí gan-an, nu gbogbo ara mọ́tò, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́. Ohun tí ẹ bá rí nísinsìnyí ni òtítọ́ ọ̀dà yín. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ padà sídìí pọ́líìṣì. Ibí yìí ni àyè ìpadàsẹ́yìn parí sí.

Ibo lẹ wà báyìí? Ọjọ́ kejì ni. Mo dáhùn ìbéèrè yín nípa ọjọ́ kan nìyẹn.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ nitrile, ìyẹn ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí kẹ́míkà kì í tètè wọ̀, ẹ lo ìbòmú tó lè sẹ́ èéfín kẹ́míkà, ẹ má jẹ́ kí iná wà nítòsí. Ara mọ́tò gbọ́dọ̀ tutù. Ọjọ́ tó wà láàárín 15 sí 25 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dáa jù. Tí ooru bá pọ̀ tàbí tí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, ceramic á yára le ju bí ọwọ́ yín ṣe lè yára lọ, ẹ tètè máa nù ún. Ẹ fi aṣọ kékeré tó wà nínú páálí rẹ̀ yí fóòmù rẹ̀ ká, ẹ kán ceramic bíi mẹ́fà sí mẹ́jọ sí i, ẹ rà á sójú ibi tí kò ju 50 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó lọ, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà á lóròó, kẹ́ ẹ tún rà á níbùú, kí ibì kankan má bàa ṣẹ́kù. Ẹ má gbìyànjú láti ra gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgò 30 mìlílítà sábà máa ń tó mọ́tò tí kò tóbi jù, nítorí náà kò sídìí láti máa dà á bí omi. Ẹ má fi ra gíláàsì iwájú, wáípà á máa fò lórí rẹ̀. Ceramic ti gíláàsì wà lọ́tọ̀.

Ẹ wá fojú sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta, nígbà míì kó máà tó ìṣẹ́jú kan, ẹ máa rí i tí ojú ibẹ̀ ń làágùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí tí àwọ̀ òṣùmàrè ń jáde lórí rẹ̀. Ó ti tó nù nìyẹn. Ẹ lo aṣọ microfiber méjì tí irun wọn kúrú: èyí àkọ́kọ́ á kó èyí tó pọ̀ jù kúrò, èkejì á dán an. Ẹ máa yí aṣọ náà padà, ẹ sì máa mú tuntun, torí ceramic tó wà lára aṣọ ń gan bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, aṣọ tó ti gan á sì ha ọ̀dà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dán.

Ibi tí mo ti jìyà nìyí, n ò sì fẹ́ kó bá yín. Mọ́tò àkọ́kọ́ tí mo fi ceramic ra dúdú bíi tiyín. Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé orí òrùlé rẹ̀, gílóòbù kan ṣoṣo ni mo ní, mo nù ún bí mo ṣe nu ìyókù, mo sì lọ sùn pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí oòrùn yọ lọ́jọ́ kejì, mo rí àbàwọ́n mẹ́rin tó ṣókùnkùn ju ìyókù lọ, bí ẹni fi ọwọ́ olóróró kan ibẹ̀. Ibi tí ceramic ti nípọn jù, tí mi ò nù tán, ni. Kò sí aṣọ tó yọ ọ́, kò sí oògùn tó yọ ọ́. Odidi ọjọ́ kan ni mo fi pọ́líìṣì ha òrùlé yẹn padà sí ìbẹ̀rẹ̀, tí mo sì tún rà á. Láti ìgbà yẹn, n kì í kúrò níbì kan kí n tó gbé tọ́ọ̀ṣì sí i láti ọ̀tún, láti òsì, kí n sì bẹ̀rẹ̀ wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Tí ẹ bá rí irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ kí wákàtí kan tó pé, ẹ kán ceramic tuntun díẹ̀ sí i lórí, á rọ èyí tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ wá nù ún lójú ẹsẹ̀. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, pọ́líìṣì nìkan ló kù.

Ẹ jù gbogbo aṣọ tí ẹ lò nù, ẹ má fi wọ́n pamọ́ fún gíláàsì tàbí fún ohunkóhun. Ìgò tí ẹ ti ṣí náà kì í pẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó bá wọ inú rẹ̀ á sọ ọ́ di ẹ̀ẹ́rún gíláàsì.

Mọ́tò náà kò gbọ́dọ̀ rí omi fún wákàtí 12 ó kéré tán, 24 ló dáa jù. Tí ìrì tàbí òjò bá kan án ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ rọra fi aṣọ tó mọ́ gbẹ ẹ́ kíákíá. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ fún ọjọ́ méje. Lẹ́yìn náà, ọṣẹ mọ́tò tí kì í ṣe kíkan, tí kì í sì í ta, garawa méjì yẹn náà, àti aṣọ ìnura tó rọ̀ láti fi gbẹ omi kí oòrùn tó gbẹ ẹ́, ni mọ́tò yín ń fẹ́. Ẹ sá fún ibi tí wọ́n ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì tó ń yí fúnra rẹ̀ fọ mọ́tò.

Bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ bá kọjá, ẹ lè rí i pé omi kò ká jọ róbótó mọ́, ó ń tẹ́ lọ bí ti ìgbà àtijọ́. Ẹ má tètè gbà pé ceramic ti tán, ẹ má sì ra ìgò mìíràn. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ́rún irin àti iyọ̀ omi ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, ẹ fín oògùn irin sí i, ẹ ṣàn án, ẹ wá da omi tó mọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì lórí. Tí omi náà bá sáré ká jọ tó sì yọ̀ lọ, ceramic yín ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.